Fẹ́rì Helsinki sí Tallinn: Ẹ Ka Wákàtí Kí Ẹ Tó Ka Owó

Ọ̀pọ̀ èrò tó fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo Tallinn, olú ìlú Ẹstóníà, láti Helsinki, olú ìlú Fínláǹdì, ló ń gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n á wá tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sanwó, ìgbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ tán ni wọ́n ń mọ̀ pé ọkọ̀ tí yóò dá wọn padà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbéra. Omi tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ, ìrìn rẹ̀ kò sì le. Tẹ́mínà, ìlà, ẹsẹ̀ rírìn àti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń tì kí ọkọ̀ tó ṣí, àwọn ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Aago ni kí ẹ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ ayára méjì tí ilé iṣẹ́ Tallink fi ń ná ọ̀nà yìí, Megastar àti MyStar, ń lo wákàtí 2 lórí omi, wọ́n á fi nǹkan bíi wákàtí kan já èrò sílẹ̀ kí wọ́n sì kó òmíràn, wọ́n á tún ṣí. Ìdí nìyẹn tí aago wọn fi sábà máa ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta: 7:30, 10:30, 13:30, 16:30, 19:30, láti èbúté méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wọ ti 10:30, tó sì gba ti 16:30 fún àbọ̀, yóò gúnlẹ̀ ní 12:30. Wákàtí 4 ló rí lójú ìwé. Kó yọ ìṣẹ́jú 15 tí yóò fi bọ́ sílẹ̀, 20 tí yóò fi rìn dé ìlú àtijọ́, 20 míràn fún ìpadàbọ̀, àti 40 tó yẹ kó fi ṣáájú ọkọ̀ dé tẹ́mínà. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 25 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jókòó jẹun nínú rẹ̀, ó parí. Ẹni tó wọ ti 7:30 tó sì bá ti 19:30 padà yóò ní wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 25 lẹ́yìn ìyọkúrò kan náà. Wọ́n máa ń yí aago padà nígbà ọdún àti nígbà tí ọkọ̀ kan bá lọ fún àtúnṣe, torí náà ọjọ́ tí ẹ ń lọ gan-an ni kí ẹ wò, ẹ má lo aago tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín lọ́dún tó kọjá.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń pín ọ̀nà náà. Ọkọ̀ Tallink ló tóbi jù, òun náà ló tuntun jù. Megastar bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2017, ìlú Turku ni wọ́n ti kàn án. MyStar dé ní ìparí 2022 láti ìlú Rauma. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 212 mítà, ó sì lè gbé èrò 2,800. Wọ́n mọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, ilé ìyàgbẹ́ pọ̀ tó. Àléébù wọn ni pé ọjà ni wọ́n fi ọkọ̀ ṣe: ilé ìtajà ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín, òun náà ni yóò sì sìn yín dé ẹnu ọ̀nà. Eckerö Line ní Finlandia, tí wọ́n kàn ní Kòríà lọ́dún 2001. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15 ló ń lò. Ara rẹ̀ ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ sábà máa ń rọrùn, àwọn àgbà Fínláǹdì tó ti fẹ̀yìn tì ló sì máa ń kún inú rẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú orin àti ijó tọkọtaya kí ilẹ̀ tiẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Viking XPRS ti Viking Line jáde lọ́dún 2008, wákàtí 2 àbọ̀ ló ń gbà, ó sì ní yàrá tí èèyàn lè sùn sí.

Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín ni, tó sì jẹ́ ọjọ́ kan péré, Tallink ni kí ẹ wọ̀. Kì í ṣe tìtorí ẹwà. Ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ lójúmọ́, bí ẹ bá pàdánù ọ̀kan, òmíràn ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè ní láti sanwó tuntun. Ẹni tí kò bá kánjú, tó fẹ́ fi owó pamọ́, Finlandia yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ lójúmọ́ kò pọ̀, kó tún ìṣírò òkè yìí ṣe kó tó sanwó. Ẹni tó fẹ́ sùn ní Tallinn lè wọ Viking láìbẹ̀rù, nítorí àfikún ìṣẹ́jú 30 kò lè bà á lọ́jọ́ jẹ́.

Iye tíkẹ́ẹ̀tì kì í dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń kún ló ń gbówó lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú oṣù kọkànlá, ẹ lè rí i lábẹ́ 20 yúrò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nínú oṣù keje, ó lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan, tó máa ń dín owó kù gan-an. Òfin rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ẹ yàn. Ẹni tó bá ra irú èyí tó sì pinnu láti sùn, àbọ̀ rẹ̀ ti jóná.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé. Fínláǹdì àti Ẹstóníà jọ wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí kì í sábà yẹ ìwé èrò wò ní ibodè àárín ara wọn, kò sí ẹni tí yóò lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù yín níbi ọkọ̀ yìí. Ìyẹn ni àwọn kan ń gbọ́ tí wọ́n fi ń fi páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè béèrè rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ọlọ́pàá Ẹstóníà sì máa ń dá èrò dúró lójijì nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé Fínláǹdì pẹ̀lú káàdì ìgbélùú, kó mú káàdì àti páásípọ́ọ̀tù lọ pọ̀. Ọmọdé náà ń mú tirẹ̀. Físà Schengen tó jẹ́ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ní dí yín lọ́wọ́, torí pé ẹ kò jáde kúrò nínú Schengen bí ẹ ti ń sọdá. Fún àwọn èèyàn wa tó ń gbé London tó ṣì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, àṣẹ ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò tó, físà Schengen pọn dandan. Ẹni tó ti gba páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà bí kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti sun oorun tó pọ̀ jù lọ ni ẹ ó ti bèèrè físà náà. Bí ẹ bá ń sun alẹ́ mẹ́rin ní Helsinki tí ẹ kàn fẹ́ fi ọjọ́ kan yọjú sí Tallinn, Fínláǹdì ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Ní Helsinki, èbúté méjì ni wọ́n ń lò, wọn ò sì sún mọ́ra. Tallink àti Eckerö ń gbéra láti Länsiterminaali 2, tí wọ́n ń kọ T2, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú. Tíráàmù 7 ń dé ibẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Viking ń gbéra láti Katajanokka, ní òdìkejì ìlú, níbi tí tíráàmù 4 ń lọ, tí èèyàn sì lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ọjà etí omi tí wọ́n ń pè ní Kauppatori. Ẹni tó bá dé T2 tó wá rí i pé Viking ni tíkẹ́ẹ̀tì òun, kó má wulẹ̀ sáré mọ́. Ìṣẹ́jú 20 kí ọkọ̀ tó ṣí ni ẹnu ọ̀nà máa ń di títì, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣí i.

Nínú tẹ́mínà, ẹ̀rọ ni yóò fún yín ní káàdì ìwọlé: ẹ tẹ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín, yóò jáde. Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, pàápàá fún àwa tí orúkọ wa máa ń gùn tí fọ́ọ̀mù kan á gé ìdajì rẹ̀ dà nù. Kò sí àyẹ̀wò olómi bíi ti pápákọ̀ òfuurufú. Omi mímu, ìpara àti ọbẹ̀ inú ike yín lè bá yín lọ láìséwu. Láti ẹnu ọ̀nà ìta dé inú ọkọ̀, ọ̀nà náà gùn ju bí ẹ ti rò lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni. Ẹni tó gbé ọmọ tàbí tí eékún ń dùn, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un.

Tíkẹ́ẹ̀tì lásán kò ní ìjókòó tirẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń rí ojú fèrèsé. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, èrò á ya sí ilé ìtajà àti ilé ọtí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ gòkè lọ wá ìjókòó síwájú ọkọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, torí ilé ìtajà kò ní sá lọ. Tallink ń ta ààyè sí yàrá kan tí wọ́n ń pè ní Comfort Lounge, tí kọfí àti ìpápánu wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, owó ìnákúnàá ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí èrò bá jókòó sórí àtẹ̀gùn nítorí kò sí àga mọ́, ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ inú ọkọ̀ kò burú, àkókò ni kò gbà á. Oúnjẹ àjẹyó tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ kún fún ẹja oríṣiríṣi, ànàmọ́, ẹran àti àkàrà òyìnbó, bíà àti wáìnì sì wà nínú owó rẹ̀. Ẹni tí kò mu ọtí ń san owó ọtí ẹlòmíràn nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ́ nígbà àbọ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀ yín. Nígbà àlọ, kọfí àti búrẹ́dì tó; ẹni tó fẹ́ nǹkan gbígbóná kíákíá lè yà sí Burger King inú ọkọ̀ Tallink. Oúnjẹ tí ẹ gbé láti ilé, ẹ lè jẹ ẹ́ lórí àga ìgboro ọkọ̀ láìsí wàhálà, ọtí tiyín ni wọn kò fẹ́ kí ẹ ṣí.

Fóònù ń fìyà jẹ àwọn tí kò fura. Ní àárín òkun, ó lè fo kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí ilẹ̀ bọ́ sórí ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tó ń gba ojú ọ̀run. Owó yẹn kò sí lábẹ́ òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó ní kí ìpè jẹ́ iye kan náà káàkiri, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí fídíò bá fi ṣí lè kọjá owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, kí ẹ lo Wi-Fi inú ọkọ̀. Fídíò kì í fẹ́ ṣí lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá kún, ṣùgbọ́n ìwé kíkà àti ìfìwéránṣẹ́ ń ṣeé ṣe.

Òkun ibẹ̀ kì í sábà bínú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti oṣù kẹwàá lọ ni afẹ́fẹ́ ń le. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kó jókòó sí àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀ ju òkè lọ, kó wo ibi tí omi ti pàdé ọ̀run, kó sì fi fóònù sílẹ̀. Àwọn tó mọ ọkọ̀ ojú omi láti Ikorodu tàbí Badore á retí pé wọn yóò fi ẹ̀wù ìgbàlà sí wọn lọ́rùn. Níbí, inú àpótí ní ibùdó ìpéjọ ló wà, àwòrán sì wà lára ògiri tó ń tọ́ka ibi tó yẹ kí ẹ sá sí. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó jókòó.

Ìtàn kan wà tí omi yìí ò gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1994, ọkọ̀ tó ń jẹ́ Estonia gbéra láti Tallinn lọ sí Stockholm, ó rì lọ́nà ní òru mọ́jú ọjọ́ 28, èèyàn 852 ló bá a lọ. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ìgbì já ìdérí imú ọkọ̀, ilẹ̀kùn tí mọ́tò ń gbà wọlé sì ṣí sílẹ̀, omi ya wọ ibi tí mọ́tò wà. Omi díẹ̀ tó bá tàn ká ilẹ̀ fífẹ̀ tí kò ní ògiri láàárín, ńṣe ni yóò máa ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á sì dojú dé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mú òfin kíkan ọkọ̀ le sí i ní Yúróòpù. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ fi ilẹ̀ mọ́tò sílẹ̀, tó sì ti í pa títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀, ẹ má bá a jiyàn pé ẹ gbàgbé jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú gbogbo ohun tí ẹ ó lò jáde kí ẹ tó gòkè. Ìrántí àwọn tó kú wà lẹ́bàá ilé ìṣọ́ Paks Margareeta ní Tallinn, irin ńlá tó tẹ̀ bí afárá tó já láàárín.

Ní Tallinn, Tallink ń gúnlẹ̀ sí tẹ́mínà D, Viking àti Eckerö sí tẹ́mínà A. Omi kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní Admiraliteedi, ló là wọ́n láàárín. Láti 2021 afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ti so méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n afárá náà máa ń ṣí fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ láti kọjá. Ẹni tó ṣi tẹ́mínà lọ, tó wá bá afárá lójú ṣíṣí, á dúró máa wo ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè. Láti D dé ẹnu ibodè Viru tó jẹ́ àbáwọ ìlú àtijọ́, nǹkan bíi kìlómítà kan ó lé díẹ̀ ni. Láti A sí Paks Margareeta, kò tó kìlómítà kan. Ojú irin tíráàmù tuntun tó gba iwájú èbúté ṣí ní ìparí 2024, Vanasadam lorúkọ ibùdókọ̀ rẹ̀. Ẹ lè fi káàdì báńkì san owó: ẹ gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá awakọ̀. Ẹ má ṣe fara wé ará ìlú tó wọlé láìsan nǹkan kan. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùgbé Tallinn ni ọkọ̀ ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́ fún láti 2013, àlejò kọ́.

Nípa takisí, Bolt ni kí ẹ pè. Àwọn ará Èkó tó ti ń lò ó láti ìgbà tó ṣì ń jẹ́ Taxify lè má mọ̀ pé Tallinn gan-an ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2013. Takisí tó dúró sí etí èbúté lè gba iye tó wù ú, kálukú ló ń kọ owó tirẹ̀ sára fèrèsé. Ẹ kà á kí ẹ tó wọlé.

Àwọn tó mọ ìlú yìí kì í padà gba ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ. Wọ́n ń yí i ká, kí ìrìn wọn lè parí sí èbúté. Bí ẹ bá dé ní 9:30, ẹ gba ibodè Paks Margareeta wọlé, ẹ máa bá òpópónà Pikk lọ. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni ṣọ́ọ̀ṣì Oleviste, tí ilé gogoro rẹ̀ ga tó nǹkan bíi 124 mítà. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gun àtẹ̀gùn rẹ̀, 232 ìgbésẹ̀, dé ibi ìwòran tó wà ní 60 mítà. Àtẹ̀gùn òkúta tó ń yí po ni, ó há, èrò tó ń lọ àti tó ń bọ̀ ló ń gba ibì kan náà. Ẹni tí eékún rẹ̀ kò lágbára tàbí tó gbé ọmọ sẹ́yìn, kó má gbìyànjú rẹ̀. Òkè Toompea yóò fi ìran tó jọ bẹ́ẹ̀ hàn án lọ́fẹ̀ẹ́.

Gbàgede gbọ̀ngàn ìlú, Raekoja plats, ni àárín gbùngbùn. Ọdún 1404 ni wọ́n parí gbọ̀ngàn náà, ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga ní 64 mítà, ère jagunjagun kékeré tó ń tọ́ka ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, Vana Toomas, sì ti wà lórí rẹ̀ láti 1530. Ní igun gbàgede ni Raeapteek wà, ilé oògùn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1422, wọ́n ṣì ń ta oògùn níbẹ̀ títí dòní. Ìwọlé rẹ̀ kò gba owó. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán gbàgede yìí láìsí orí èèyàn nínú rẹ̀, kó débẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọkọ̀ ńláńlá ìgbafẹ́ á já ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò sílẹ̀, títí di ọ̀sán kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà.

Ọ̀nà méjì ló gun òkè Toompea: Pikk jalg, ìyẹn ẹsẹ̀ gígùn, àti Lühike jalg, ẹsẹ̀ kúkúrú. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ pé ìlú àwọn ń tiro nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ gba ti kúkúrú gòkè, ẹ gba ti gígùn sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn ti kúkúrú ń yọ̀ bí ẹ bá ń sọ̀ níbẹ̀ nígbà òjò. Lókè, ibi ìwòran Kohtuotsa àti Patkuli kò gbowó. Kàtídírà Alexander Nevsky, tí àwọn ará Rọ́ṣíà kọ́ parí ní 1900, wà lójúkojú ilé aṣòfin. Ó ṣí fún gbogbo èèyàn. Ẹ má ya fọ́tò nínú rẹ̀.

Báàgì onítáyà kò gbọ́dọ̀ bá yín dé ibí. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo títì, táyà kékeré á há, á já. Lọ́kà wà ní tẹ́mínà, ẹ tì í síbẹ̀.

Láti Toompea, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ọjà Balti jaam lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n tún un kọ́ lọ́dún 2017. Ilẹ̀ ni oúnjẹ, ẹja yíyan àti ẹ̀fọ́ wà, òkè ni aṣọ àti ẹrù àtijọ́, abẹ́ ilẹ̀ ni ilé ìtajà Selver tí ẹ ti lè ra omi àti èso ní owó ará ìlú. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹun ọ̀sán. Ilé oúnjẹ tó tẹ́ tábìlì sí Raekoja plats ń gba owó ìran tí ẹ ń wò mọ́ owó ọbẹ̀. Ẹni tó bá takú pé gbàgede ni òun fẹ́ jẹ sí, kó wọ III Draakon nínú gbọ̀ngàn ìlú fúnra rẹ̀: àbẹ́là ni iná wọn, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ kan tó dà bí àgbọ̀nrín ńlá ni wọ́n ń tà pẹ̀lú páì, wọn kì í fún èèyàn ní ṣíbí, inú àwo lẹ ó ti máa mu ún. Eré ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré. Maiasmokk, tó wà láti 1864, dára fún kọfí àti àkàrà dídùn.

Oúnjẹ Ẹstóníà kò mọ ata. Ẹja tútù kékeré tí wọ́n ń pè ní kilu, lórí búrẹ́dì dúdú pẹ̀lú ẹyin, ni ohun tó yẹ kí ẹ tọ́ wò. Ó níyọ̀, ó sì kan díẹ̀, búrẹ́dì náà wúwo bí ẹ̀kọ tó ti sun mọ́jú. Àwọn Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ há ọ̀rọ̀ mẹ́rin sórí: sealiha ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ gan-an, veri ni ẹ̀jẹ̀, inú verivorst ló ń wà, kana ni adìẹ, kala ni ẹja. Ẹ ka ìwé oúnjẹ pẹ̀lú mẹ́rin yìí, ẹ kò ní ṣìnà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìrìn díẹ̀ láti ọjà ni Lennusadam, ibi ìpamọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òkun. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó wọ ibì kan ṣoṣo, òun ni kó jẹ́. Inú ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ òfuurufú orí omi nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni, orí rẹ̀ rí bí igbá mẹ́ta tí a dojú dé. Ọkọ̀ abẹ́ omi Lembit, tí wọ́n kàn ní Barrow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1936, wà nínú rẹ̀. Ẹ lè wọ inú rẹ̀ kí ẹ rí bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ìjà. Lóde ni Suur Tõll, ọkọ̀ afọ́yìnyín ti 1914. Ó ń gba wákàtí 2 dáadáa. Bí kò bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wò bóyá wọ́n ṣí lọ́jọ́ Ajé, torí ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ń sinmi ní ìlú yìí. Láti ibẹ̀ ẹ bá etí omi padà, ẹ ó kọjá Linnahall, òkìtì kọnkéré tí ìjọba Soviet kọ́ fún ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Òlíḿpíìkì 1980, tó ń já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá ti rí i, tẹ́mínà A ti sún mọ́. D wà lódìkejì afárá.

Ààfin Kadriorg àti ilé àwòrán Kumu wà ní apá kejì ìlú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá máa sùn. Tallinn Card, tó kó ọkọ̀ ìjọba àti ìwọlé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pọ̀, kò wúlò fún ẹni tí kò bá ní wọ tó mẹ́ta lóòjọ́.

Nínú oṣù kejìlá, ìmọ́lẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí 6 lọ, òkúta títì á di yìnyín, yìnyín tó so sí etí òrùlé sì ń já lulẹ̀. Bí ẹ bá rí okùn tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìka ni kí ẹ wọ̀. Aago Helsinki àti Tallinn dọ́gba. Ó fi wákàtí kan ṣáájú ti Nàìjíríà nígbà òtútù, méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Fún àbọ̀, ẹ kúrò ní gbàgede ní wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 15 kí ọkọ̀ tó ṣí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ẹ ó bá ìlà gígùn àwọn ará Fínláǹdì tó ń ti kẹ̀kẹ́ kékeré tó kún fún páálí bíà, torí pé ilé ìtajà ìjọba, Alko, ló ń ta ọtí líle nílùú wọn, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ má tẹ̀ lé wọn sẹ́yìn lójú àtẹ̀gùn tó ń rìn; kẹ̀kẹ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan wúwo. Nínú ọkọ̀, nígbà tí Wi-Fi ṣì wà, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tíráàmù Helsinki lórí áàpù HSL, awakọ̀ kì í tà á. Bó bá ku ìṣẹ́jú 15 kí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ẹ lọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn àbájáde: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló fẹ́ wọ tíráàmù 7 kan náà ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, ti àkọ́kọ́ kì í gbà ju àwọn tó kọ́kọ́ dé lọ.